Òkè Santa Monica: àfonífojì lábẹ́ ẹsẹ̀, òkun níwájú

Ọjọ́rú, Solstice Canyon

Àǹtí mi ti lé ní ogún ọdún ní Los Angeles. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe, kò sì gun òkè kankan rí níbẹ̀. Nígbà tí mo pè é láti Houston pé bí mo bá dé, òkè ni mo fẹ́ gùn, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ààwẹ̀ lò ń gbà ni, Àkànní?" Mo ní rárá o, ìrìn lásán ni. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Kí èèyàn gun òkè, kó má gbàdúrà, kó tún sọ̀ kalẹ̀. Ó dáa, máa bọ̀."

Àwọn òkè tí à ń wí yìí bẹ̀rẹ̀ láti Hollywood, wọ́n gba etí òkun lọ sí ìwọ̀ oòrùn títí dé Point Mugu, nǹkan bí 40 máìlì. Púpọ̀ nínú òkè California tò láti àríwá sí gúúsù, ṣùgbọ́n Santa Monica dábùú, láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ àfonífojì tó wà níhà gúúsù rẹ̀ fi kọjú sí òkun. Ẹni tó bá dúró ní èjìká òkè á rí àfonífojì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì rí òkun níbi tí àfonífojì parí sí. Lọ́dún 1978 ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi òfin gba agbègbè náà sábẹ́ ààbò, tí wọ́n sọ ọ́ di ibi ìtura fún gbogbo ènìyàn.

A ti wà níbẹ̀ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, torí ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí ní Solstice kéré, ẹni tó bá pẹ́ dé á gbé mọ́tò rẹ̀ sójú títì. Kùrukùru bo gbogbo etí òkun. Oṣù Karùn-ún ni, bó sì ṣe máa ń rí nìyẹn: omi òkun ọ̀hún tutù, afẹ́fẹ́ ojú omi náà tutù, afẹ́fẹ́ gbígbóná wá gorí rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kùrukùru ò sì ríbi gbà títí oòrùn á fi mú. Àǹtí wo ojú ọ̀run, ó wò mí. "Òkun tí o ní a fẹ́ wá wò dà?"

Ọ̀nà inú àfonífojì yìí tẹ́jú, kò tó máìlì kan ààbọ̀ dé ibi tí omi ti ń já láti orí àpáta. Odò kékeré ń bá yín lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, igi sycamore àti igi oak ṣíji bò ó. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó dé Tropical Terrace, tó jẹ́ ilé tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 1952 ni tọkọtaya Roberts, àwọn tó ní ilé ìtajà oúnjẹ, kọ́ ọ. Paul R. Williams ló yàwòrán rẹ̀. Torí ọkùnrin yìí ni mo fi ní ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Los Angeles ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1894, èèyàn dúdú ni, òbí rẹ̀ méjèèjì sì kú nígbà tó ṣì kéré. Lọ́dún 1923 ó di èèyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé Amẹ́ríkà gbà wọlé. Ilé àwọn gbajúmọ̀ ló yà: ti Frank Sinatra wà níbẹ̀, ti Lucille Ball náà. Ó kọ́ bí a ṣe ń yàwòrán lódìlódì, kí oníbàárà aláwọ̀ funfun tí ò fẹ́ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè jókòó sí òdìkejì tábìlì kó sì máa rí àwòrán ilé rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ní àwọn àdúgbò kan tó ti yàwòrán ilé fún wọn, ìwé ilẹ̀ ibẹ̀ kò gbà kí èèyàn dúdú máa gbé níbẹ̀.

Àǹtí dúró síwájú ibi ìdáná tí wọ́n fi òkúta mọ. Ibi ìdáná yẹn àti ihò èéfín rẹ̀ ṣì nàró, ilé ò sí lára wọn mọ́. Ó fọwọ́ kan bíríkì. "1952 lo wí? Rosa Parks ò tíì kọ̀ láti dìde nínú bọ́ọ̀sì nígbà yẹn." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí. Ó yà fọ́tò méjìlá, ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ injiníà.

Iná ló jó ilé náà lọ́dún 1982. Williams àti àwọn Roberts mọ̀ pé ilẹ̀ oníná ni àwọn ń kọ́lé sí, wọ́n ti ṣètò omi odò yẹn, adágún àti ẹ̀rọ ìfami, kó lè gba ilé lọ́wọ́ iná. Baálé ilé kú, kò sẹ́ni tó tọ́jú ètò omi náà mọ́, iná dé. Nísàlẹ̀ ọ̀nà, ilé mìíràn wà níbẹ̀ tí ẹni tó ni ín fi òkúta kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, torí iná ti jó èyí tó kọ́kọ́ fi igi kọ́. Lọ́dún 2007 iná jó olókùúta náà. Ògiri rẹ̀ nìkan ló kù. Èmi ò mọ ibòmíràn tí èèyàn ti lè rìn láàárín wákàtí kan kó rí bí ìran kan ṣe ń bá iná jà tí òmíràn tún ń bẹ̀rẹ̀ ìjà kan náà.

Nígbà tí à ń padà, a gba Rising Sun, ọ̀nà òkè tó gba ẹ̀gbẹ́ àfonífojì kọjá. Ibẹ̀ ló yẹ kí òkun ti hàn. Funfun ni gbogbo rẹ̀. A ń gbọ́ ìró mọ́tò lórí ọ̀nà etí òkun, a ò rí nǹkan kan. Ohun tí mo rí ni ewé poison oak létí ọ̀nà, ewé mẹ́ta-mẹ́ta lórí ọ̀pá kan, ó ń dán. Wèrèpè tiwọn nìyẹn. Ó yàtọ̀ sí wèrèpè ní ti pé èèyàn ò ní mọ̀ lọ́jọ́ tó kàn án. Bí ọjọ́ kan tàbí méjì bá kọjá ni ara á tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún, tí á sì lé ròrò. Òróró inú rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ aṣọ àti bàtà, torí náà ṣòkòtò gígùn ló dáa, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọjọ́bọ̀, Òkè Mugu

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín, orúkọ òkè náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ àwọn Chumash ni, àwọn tó ni ilẹ̀ yìí kí ọkọ̀ àwọn ará Sípéènì tó gba iwájú ibẹ̀ kọjá lọ́dún 1542. Ọ̀nà tí a gùn ń jẹ́ orúkọ wọn, Chumash Trail, láti ìgbà láéláé ni wọ́n sì ti ń gbà á láti etí òkun lọ sí pápá tó wà lókè.

Ọ̀nà náà kò rọra bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì lẹ ó gbé mọ́tò sí, wọn kì í gba owó, bí ẹ bá sì ti gbẹ́sẹ̀ àkọ́kọ́, òkè ni. Kò sí igi, kò sí ibòji. Òkúta wẹ́wẹ́ ń yọ̀ lábẹ́ bàtà. Ténté òkè náà lé ní 1,200 ẹsẹ̀ bàtà, kò ga lójú ẹni tó mọ òkè, àmọ́ ìpele òkun gan-an lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹsẹ̀ bàtà kan tí wọn á fi ta yín lọ́rẹ.

Àǹtí ń sinmi ní gbogbo ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a gbé báàgì. Ó ní, "Mọ́ín-mọ́ín wà níbẹ̀. Fi sílẹ̀." Obìnrin òyìnbó kan tí irun rẹ̀ ti funfun kọjá lára wa tòun ti ọ̀pá ìtìlẹ̀ méjì lọ́wọ́, ó kí wa, ó lọ. Lẹ́yìn ìyẹn Àǹtí ò sinmi mọ́ títí a fi dé orí pápá.

Ibẹ̀ la ti gbọ́ ọ. Ìró gbígbẹ kan ni, ó yá kánkán, ó dà bíi pé ẹnì kan ń mi igbá ẹ̀wà gbígbẹ láìdúró. Ejò oníṣaworo. Ó ká jọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí wa, àwọ̀ rẹ̀ bá àwọ̀ ilẹ̀ mu débi pé ìdí ìrù rẹ̀ tó ń gbọ̀n nìkan ló fi í hàn. Orí rẹ̀ fẹ̀, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín. Àǹtí ní, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" ṣùgbọ́n kò sáré. Ó fà mí lápá, a rọra fà sẹ́yìn. A dúró. Ejò náà dákẹ́, ó tú ara rẹ̀ ká díẹ̀díẹ̀, ó wọ́ wọ inú koríko láìkánjú.

Lójú ẹsẹ̀ nọ́ọ̀sì jí lára Àǹtí. Ó ní bí irú rẹ̀ bá bu èèyàn jẹ, kí wọ́n má fi abẹ sín ín, kí wọ́n má fẹnu fa ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n má sì fi okùn di ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin. Kí wọ́n bọ́ òrùka àti aago kí ibẹ̀ tó wú, kí wọ́n jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀, kí wọ́n sì pe 911, torí oògùn tó ń pa oró ejò, ilé ìwòsàn ló wà. "Gbogbo èyí tí wọ́n ń ṣe nínú fíìmù yẹn, irọ́ ni." Ó sọ ọ́ fún mi, ó tún sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ méjì tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa, tí wọn ò tilẹ̀ bi í.

Ọ̀nà wá yípo òkè náà. Kùrukùru wà nísàlẹ̀ wa lápá kan, lápá kejì ó wà lójú wa. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí aago mọ́kànlá, ó ya. Kò ká kúrò díẹ̀díẹ̀ bí mo ti rò, ó kàn ya láàárín, ohun tó sì hàn lójú ihò náà kì í ṣe òkun rárá: ọ̀sà ni. Mugu Lagoon. Omi rẹ̀ pín yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́ láàárín koríko, iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì là á kúrò lára òkun. Irú ọ̀sà báyìí ti ṣọ̀wọ́n ní gúúsù California, wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ dí ọ̀pọ̀ nínú wọn láti kọ́lé. Ohun tó gba èyí là kò ju pé ilẹ̀ àwọn ọmọ ogun ojú omi ló wà. Ojú ọ̀nà bàálù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọọrọ, bàálù ń sọ̀, bàálù ń gbéra, àwọn ẹran seal sì ń sùn sórí iyanrìn bí ẹni pé kò kàn wọ́n.

A jẹ mọ́ín-mọ́ín wa lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àsíá Amẹ́ríkà kan tí atẹ́gùn ti ya etí rẹ̀. Láti ibẹ̀ a rí oko Oxnard, ilẹ̀ títẹ́jú tí wọ́n ti ń gbin sitirọ́bẹ́rì, a sì rí Anacapa, erékùṣù tó súnmọ́ jù, nígbà tí kùrukùru gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn Chumash máa ń tukọ̀ lọ sí erékùṣù wọ̀nyẹn. Tomol ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà. Pákó ni wọ́n fi ń kàn án, nígbà mìíràn pákó redwood tí òkun gbé wá sí èbúté láti àríwá, wọ́n á lu ihò sí i, wọ́n á fi okùn rán an pọ̀, wọ́n á wá fi ọ̀dà tó ń sun jáde látinú ilẹ̀ dí ojú rírán rẹ̀ kí omi má wọlé. Mo wo bí òkun ṣe fẹ̀ tó láàárín wa àti Anacapa. Mo tún wo ìgbì. Ojú mi kúrò lára àwọn ọmọ ogun àti bàálù wọn.

Ọjọ́ Ẹtì

Orúnkún. Èmi ni mo ń wí o, Àǹtí lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ a kàn wakọ̀ dé Point Dume, a gun iyanrìn dé orí àpáta etí òkun níbẹ̀, ìrìn tí ọmọdé lè rìn. Àkókò tí ẹja àbùùbùtán ń padà láti Mẹ́síkò lọ sí àríwá ni, àwọn ìyá tó ti bímọ ló sì máa ń kẹ́yìn, wọ́n á máa gba ẹ̀bá ilẹ̀ lọ pẹ̀lú ọmọ wọn. Ọkùnrin kan tó gbé awò dání nawọ́ sí ojú omi. Mo rí omi tó tú sókè lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí ní òun rí ẹ̀yìn rẹ̀. Mi ò jiyàn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Sandstone Peak

Òkè yìí ló ga jù nínú gbogbo Santa Monica, 3,111 ẹsẹ̀ bàtà. Òkúta iyanrìn ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí, irọ́ sì ni, òkè ayọnáyèéfín ló pọ òkúta yẹn jáde ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ ó rí i: ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó rí ṣákaṣàka, òkúta kéékèèké há sínú ńlá.

Orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ ní ẹjọ́ mìíràn. Àwọn Boy Scout ló ni ilẹ̀ tó wà nídìí rẹ̀ nígbà kan. Wọ́n fẹ́ fi orúkọ W. Herbert Allen, ẹni tó ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ní ilẹ̀ náà, sọ òkè yìí. Ìjọba ní kò ṣe é ṣe, ẹni tó bá ṣì wà láàyè, wọn kì í fi orúkọ rẹ̀ sọ òkè. Àwọn ọmọ náà ò jiyàn. Wọ́n gbé àwo irin lọ sókè, wọ́n kọ Mt. Allen sí i, wọ́n kàn án mọ́ àpáta, ó sì wà níbẹ̀ di òní. Máàpù ń wí tirẹ̀, àpáta ń wí tirẹ̀.

Kùrukùru nípọn lójú ọ̀nà etí òkun débi pé a tan iná mọ́tò. A yà sí Yerba Buena, ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ tó ń gòkè, kọ́nà lórí kọ́nà, Àǹtí di ilẹ̀kùn mú. Ní kọ́nà kan báyìí, a yọ. Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi sọ ọ́. Mọ́tò yọ lójú kùrukùru, oòrùn ń ràn, ojú ọ̀run mọ́ kedere, gbogbo ibi tí a ti ń bọ̀ sì ti di funfun nísàlẹ̀.

A gba Mishe Mokwa, kí a lè yí òkè náà po, ìrìn nǹkan bí máìlì mẹ́fà. Ẹ má gba ọ̀nà tó lọ tààrà sókè bí ẹ bá lágbára, torí ohun tó dùn jù nínú òkè yìí kọ́ ni ténté rẹ̀, Carlisle Canyon ni, àfonífojì tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀nà rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní òdìkejì, àpáta pupa nàró gàgàrà, àwọn kan so okùn mọ́ra, wọ́n ń gùn ún. A ń gbọ́ ohùn wọn ketekete bó ti wù kí wọ́n jìnnà tó, torí Echo Cliffs lorúkọ ibẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń padà. Lókè wọn, àpáta ràbàtà kan dúró lórí òmíràn ní ibi tí kò yẹ kó lè dúró sí. Àǹtí ní òun ò ní gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láyé, mo ní ọ̀nà tí à ń gbà ò tilẹ̀ débẹ̀. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Òdòdó kan gbà wá lójú ní gbogbo ọ̀nà. Yucca ni. Ewé rẹ̀ mú ṣóńṣó, ó tò yíká nílẹ̀, láàárín ewé náà ni ọ̀pá kan ti yọ, tó ga ju èmi lọ dáadáa, òdòdó funfun sì bo ọ̀pá náà láti àárín dé òkè. Mo súnmọ́ ọ̀kan. Òdòdó rẹ̀ dorí kodò, ó nípọn lọ́wọ́, kòkòrò funfun bíńtín kan wà nínú rẹ̀. Kòkòrò yẹn ló ń bá a gbé ìyẹ̀fun òdòdó kiri, inú òdòdó náà ló sì ń yé ẹyin sí. Bí ọ̀kan ò bá sí, èkejì ò lè bímọ. Yucca yìí á dàgbà fún ọdún bíi mélòó kan láìtanná, á wá tanná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á kú. A rí àwọn ti ọdún tó kọjá, ọ̀pá gbígbẹ, dúdú, wọ́n ṣì nàró.

Àwọn dúdú mìíràn wà tí kì í ṣe ti òdòdó. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2018, iná Woolsey bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn òkè. Afẹ́fẹ́ Santa Ana ló gbé e, afẹ́fẹ́ tó ń ti aṣálẹ̀ wá, gbígbẹ, gbígbóná, tó ń gba ojú àfonífojì já sí òkun. Iná náà fo ọ̀nà márosẹ̀ 101 kọjá, ó sì sáré dé etí omi ní Malibu. Ó jẹ nǹkan bí 97,000 éékà, èèyàn mẹ́ta kú, ilé àti ilé iṣẹ́ tó jó ju 1,600 lọ. Nínú ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ń tọ́jú ní òkè wọ̀nyí, ó ju mẹ́jọ lọ nínú mẹ́wàá tó jóná. Àǹtí rántí. Ó ní eérú ń bọ́ sórí mọ́tò wọn, ọ̀nà jíjìn sí ibi tí iná wà.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ lè má fura mọ́. Igi chamise àti laurel sumac kì í fi iná kú. Ìdí wọn wà nínú ilẹ̀, wọ́n á rú padà láti ibẹ̀. Mo rí kùkùté laurel sumac kan tó ti di èédú, ẹ̀ka túntún tò yí i ká, ewé rẹ̀ ká sí méjì bí ó ti máa ń rí, pupa lórí. Ohun tó ń ba àwọn tó mọ òkè yìí lẹ́rù ni kí iná máa wá léraléra kí igi tó rí àyè gbára jọ. Koríko àjèjì ló máa ń gba ilẹ̀ nígbà náà, koríko yẹn sì yára jó ju igi lọ.

Ténté òkè? A dé ibẹ̀, èrò pọ̀, wọ́n tò láti yà fọ́tò pẹ̀lú àwo irin Allen. Kùrukùru tẹ́ lọ títí, àwọn erékùṣù yọ orí nínú rẹ̀. Ó dára, mi ò ní purọ́. Àmọ́ a ò rí òkun. Èèyàn gun òkè tó ga jù, ó sì ga ju ohun tó wá wò lọ.

Ọjọ́ Àìkú

Ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀, ìrẹsì àti ewúrẹ́ lọ́sàn-án, oorun.

Ọjọ́ Ajé, Ray Miller

Àǹtí gba ààyè ìsinmi níbi iṣẹ́ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. A ò jí ní kùtù lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti rí bí kùrukùru ṣe ń ṣe, mo ní ká jẹ́ kó ká kúrò ná, ká gbéra lẹ́yìn aago méjìlá. Lójú ọ̀nà ojú ọ̀run ti mọ́, òkun ti di búlúù.

Ẹnu àfonífojì La Jolla ni ọ̀nà yìí ti bẹ̀rẹ̀, níwájú etíkun gan-an, nínú ọgbà ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Point Mugu State Park. Ray Miller ni orúkọ ọkùnrin tó máa ń gba àlejò níbùdó yẹn, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ọgbà ìpínlẹ̀ California fi sí irú ipò bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ kò ju máìlì mẹ́ta lọ kó tó kan ọ̀nà ńlá òkè, àmọ́ òun náà ni ìparí Backbone Trail, ọ̀nà 67 máìlì tó gba ẹ̀yìn gbogbo òkè Santa Monica láti ìparí kan dé èkejì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ra ilẹ̀ rẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín. Ọdún 2016 ló tó so pọ̀ tán, Arnold Schwarzenegger, òṣèré tó ṣe gómìnà, wà lára àwọn tó yọ̀ǹda ilẹ̀ tó kù. Ìparí kejì, ọgbà ìpínlẹ̀ Will Rogers ní Pacific Palisades, wà nínú ibi tí iná January 2025 jó. Ilé Will Rogers fúnra rẹ̀, òṣèré tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọgbà náà, jó kanlẹ̀.

Ẹni tó la ọ̀nà Ray Miller mọ ohun tó ń ṣe. Kò gun òkè tààrà bíi ti Mugu. Ó ń yí, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìgòkè rẹ̀ rọra, orúnkún mi ò sọ̀rọ̀. Bí ó bá yí sápá ọ̀tún, òkun ni, ọ̀nà etí òkun nísàlẹ̀, mọ́tò wẹ́wẹ́, ìgbì tó ń fọ́ ní ìlà funfun mẹ́ta. Bí ó bá yí sápá òsì, òkun á pa mọ́, ariwo rẹ̀ á dákẹ́ pátápátá, àfonífojì La Jolla á gbà yín, dúdú ewéko, àwòdì kan ń yípo nísàlẹ̀ wa, a ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Kọ́nà mìíràn, òkun tún dé, ó gbòòrò ju ti ìṣáájú lọ. Bẹ́ẹ̀ ni títí. Ewé black sage wà létí ọ̀nà, ẹ rún un lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ yín dalẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ọjọ́ kan ṣoṣo pé kó fi Sandstone sílẹ̀, kó wá síbí. Ọ̀nà yìí ò ní ibì kan tí èèyàn á dé tí á ní òun ti dé, bí ó ti ń lọ ni ó ń fi nǹkan hàn. A dé ibi tí ó ti pàdé Overlook, ọ̀nà fífẹ̀ tí mọ́tò panápaná lè gbà, a wo Big Sycamore Canyon lápá kejì, ó gùn wọ inú òkè lọ. Gbogbo èyí tí a ń wò jó lóṣù Karùn-ún ọdún 2013, nínú iná Springs. Àǹtí jókòó sórí àpáta, ó bọ́ bàtà. Erékùṣù mẹ́ta hàn kedere, kò sí kùrukùru lórí ìkankan nínú wọn.

Ó ní, "Ṣé àwọn púmà ṣì wà níbí?" Mo ní wọ́n wà, díẹ̀, ọ̀nà márosẹ̀ ló sé wọn mọ́, wọn ò rí ibi kọjá lọ fẹ́ ìyàwó ní òkè mìíràn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ afárá kan fún àwọn ẹranko lórí 101 ní Agoura Hills lọ́dún 2022. Ó ní, "Afárá fún ẹranko." Ó ronú sí i. "Ó dáa. Iná ò ní bá wọn níbi tí wọn ò ti lè sá."

Àwọn ohun tí ẹni tó ń bọ̀ ní láti mọ̀: kò sí omi mímu lójú ọ̀nà kankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ bí ẹ bá ti wọ inú àfonífojì, ẹ gba máàpù sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ yẹ ìbọ̀sẹ̀ yín wò nítorí eégbọn. Ajá ò gbọdọ̀ gun ọ̀nà ẹsẹ̀ ní Point Mugu, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á ní Solstice bí ẹ bá so ó mọ́ okùn. Tí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá ń fẹ́ láti ìlà oòrùn nígbà ìwọ́wé, ẹ jókòó sílé.

Nígbà tí a padà dé ibi tí a gbé mọ́tò sí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé, fóònù Àǹtí sì ń dún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó ti rí àwọn fọ́tò. Mo ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò, mo ń gbọ̀n iyanrìn kúrò nínú bàtà mi, mo ń gbọ́ ọ.

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Rárá, kì í ṣe òkè àdúrà, òkè lásán ni. Ẹ gbé omi púpọ̀. Ẹ má wọ funfun. Ejò? Ejò wà, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń lu ṣaworo fún yín kó tó ṣe ohunkóhun. Ẹ tẹ́tí. Ẹ tẹ́tí ná. Irú bàtà wo lẹ ní ẹ fẹ́ wọ̀?"